Irú ènìyàn wo ni Síkáòtù ń sọ ọmọ dà? Ìbéèrè àwọn òbí lórí ìwà, akọ àti abo, àti ìlera ọkàn

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù (Scouts) pàgọ́. Òbí tó bá mú ọmọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà béèrè nípa okùn tàbí àgọ́. Ohun tó máa ń fẹ́ mọ̀ ni irú ènìyàn tí a máa sọ ọmọ òun dà. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí wọ́n gba ìdáhùn tí kò fi nǹkan kan pa mọ́. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù lọ jọ síbí, títí kan àwọn tó ṣòro láti dáhùn.

Kí gan-an ni ọmọ ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pàdé. Wọ́n á ṣeré, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń ta okùn ní kókó, bí a ṣe ń ka máàpù, bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa kí dókítà tó dé. Tó bá yá, wọ́n á lọ sun inú àgọ́, wọ́n á dáná fúnra wọn, wọ́n á sì fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Iṣẹ́ tí ọmọ bá mọ̀ ọ́n ṣe débi tó lè fi han ẹlòmíràn ló ń gba báàjì lé lórí. Ẹgbẹ́ yìí wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 50, nítorí náà kò sí bí gbogbo rẹ̀ ṣe lè rí bákan náà. Ẹgbẹ́ tó wà nítòsí yín ni kí ẹ lọ fojú ara yín wò.

Ta ló dá a sílẹ̀, kí ló sì ń wá?

Robert Baden-Powell ni, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n sàga ti ìlú Mafeking ní gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1900, àwọn ọmọdékùnrin ìlú náà ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n sì ń gbé lẹ́tà kiri. Ó yà á lẹ́nu pé ọmọ tí a fi iṣẹ́ gidi lé lọ́wọ́ ń ṣe é bí àgbà.

Ní oṣù Ògọ́sítì 1907, ó kó ọmọkùnrin bí ogún lọ sí Brownsea, erékùṣù kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ ìtàn ibùdó yìí, ṣùgbọ́n ibi tó wú mi lórí jù ni wọ́n máa ń fò. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà wá láti ilé-ìwé àwọn olówó, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, irú wọn kì í jókòó sórí àga kan náà. Ó da wọn pọ̀, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹranko tàbí ẹyẹ, ó sì fi ọmọ kan ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìwé rẹ̀, Scouting for Boys, jáde ní 1908, kíá làwọn ọmọdé fúnra wọn ti ń kó ara wọn jọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọn ò dúró de àgbà kankan.

Ṣé ó ń tún ìwà ṣe lóòótọ́, àbí ọmọ tó ti dára tẹ́lẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́?

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo òbí máa béèrè nìyí. Àwọn tó fẹ́ràn Síkáòtù máa ń fi yangàn pé nínú àwọn ọkùnrin 12 tó ti fẹsẹ̀ tẹ orí òṣùpá, 11 ló ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́rìí nǹkan kan. Ọmọ tó ń wá ohun tuntun kiri láti kékeré lè wọ Síkáòtù, kó sì tún lọ sí òṣùpá, láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Ẹ̀rí tó dára díẹ̀ sí i ni ìwádìí tí Richard Lerner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tufts ṣe lágbègbè Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ bí 1,800 tó wà nínú ẹgbẹ́ náà àti àwọn bí 400 tí kò sí níbẹ̀, fún nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìwà àwọn ọmọ ìhà méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi parí, àwọn tó wà nínú Síkáòtù ti sún síwájú nínú inú rere, ọ̀yàyà, ríran ẹlòmíràn lọ́wọ́, jíjẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, àti níní ìrètí nípa ọjọ́ ọ̀la wọn. Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni pé àwọn tó ń wá déédéé, tí wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀, ni àǹfààní náà hàn lára wọn jù. Fífi orúkọ sílẹ̀ lásán kò ṣe nǹkan kan fún ọmọ.

Kò yẹ kí n sọ apá tó dùn nìkan. Ẹnu àwọn ọmọ náà ni wọ́n ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òbí tó sì mú ọmọ wọ Síkáòtù lè máa ṣe àwọn nǹkan mìíràn nílé tó ń tún ìwà ọmọ ṣe. Síbẹ̀, ohun tí mo ń rí lójú ara mi kò jìnnà sí ohun tí wọ́n rí.

Kí ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ gan-an?

Ọ̀wọ́ kékeré ni. Ọmọ mẹ́fà, méje tàbí mẹ́jọ, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olórí, tí iṣẹ́ gidi sì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Bí ọ̀kan ò bá pọn omi, kò ní sí omi.

Ní ibùdó kan, ọmọ ọdún 11 kan ni olórí ọ̀wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ó ní kí wọ́n jẹun ná, lẹ́yìn náà ni wọn á bo igi ìdáná. Mo rí i, mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Òjò dé, igi tutù, kò sí ohun gbígbóná kankan fún ọ̀wọ́ náà láàárọ̀. N ò bá a wí, àwọn ọmọ yòókù náà ò rí i sọ ju ìkùnsínú díẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kó tiẹ̀ tó bọ́ bàtà, ó ti wà nídìí igi, ó ń fi táàpólì bò ó. Kò sẹ́ni tó rán an. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé òun ni í máa yẹ fèrèsé wò nílé bí òjò bá ṣú.

N kò lè fi ẹnu kọ́ ọ ní ìyẹn. Ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ àgbà ní Síkáòtù ni láti dákẹ́ nígbà tí àṣìṣe náà ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Tó bá kan ọ̀bẹ, odò tàbí iná, a kì í dákẹ́ o. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó jóná, àgọ́ tó wó lóru, ọ̀nà tí wọ́n ṣì tí wọ́n sì fi wákàtí kan rìn padà: ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ti ọmọ. Bí àgbà bá gbà á ṣe, àgbà ló kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ìlérí àti Òfin tí wọ́n ń kà ńkọ́? Ṣé ọmọ mọ ohun tó ń búra sí?

Lọ́jọ́ tó búra, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó máa ń yé e nígbà tó bá fẹ́ purọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ sì wò ó lójú.

Ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń ṣe?

Kò sí ẹ̀sìn kan pàtó. Ojúṣe sí Ọlọ́run wà nínú ìlérí àtilẹ̀wá, àwọn ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi sì ń sọ ọ́ lọ́nà tó bá ìgbàgbọ́ wọn mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2014, ìlérí mìíràn wà fún ọmọ tí kò lẹ́sìn. Ibòmíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè kí ọmọ tó búra.

Ṣé òótọ́ ni pé ó dára fún ìlera ọkàn?

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń padà sí. Ní 1958, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń bá a lọ títí wọ́n fi dàgbà. Ní 2016, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Edinburgh àti ti Glasgow yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 nínú wọn wò. Bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ṣe Síkáòtù tàbí Girl Guides (irú ẹgbẹ́ yìí tó wà fún ọmọbìnrin) nígbà èwe. Nígbà tí wọ́n pé ẹni àádọ́ta ọdún, ewu kí àìfọkànbalẹ̀ tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa bá wọn jà fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe é.

Ẹ rò ó wò: ogójì ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni pé ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín ìlera ọkàn ọmọ olówó àti ti ọmọ tálákà dín kù gidigidi láàárín àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́. Mo ka ìyẹn, Brownsea ló wá sí mi lọ́kàn.

Kò túmọ̀ sí pé Síkáòtù nìkan ló fà á. Àwọn olùwádìí náà ṣírò ipò òbí àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣírò gbogbo ohun tó ń mú ọmọ dàgbà. Ohun tó bọ́gbọ́n mu lójú tèmi ni pé ọmọ tó ti sun òkùnkùn rí tí ilẹ̀ sì mọ́ bá a, tó ti ṣàṣìṣe lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn ò sì lé e, ti ní nǹkan kan nínú tó lè rántí nígbà tí ayé bá le. Àfẹ́fẹ́ àti ìrìn náà ń ràn án lọ́wọ́. Kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyẹn náà tó nǹkan.

Ọmọ mi ti ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ṣé kí n mú un wá?

Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn náà, tó bá fẹ́, kó wá. Ẹ sì sọ fún olùdarí ní ìdákọ́ńkọ́ kí ó lè mọ bó ṣe máa ṣe é. A kì í ṣe oníṣègùn. Ọmọ tó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé.

Ṣé ti ọmọkùnrin nìkan kọ́ ni?

Àwọn ọmọbìnrin kò gbà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1909, àwọn Síkáòtù bí 11,000 péjọ sí Crystal Palace ní London. Nígbà tí Baden-Powell ń yẹ̀ wọ́n wò, ó bá àwọn ọmọbìnrin mélòó kan láàárín wọn, nínú aṣọ tí wọ́n ti wá fúnra wọn, tí wọ́n ní Síkáòtù làwọn náà. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Èsì àwọn àgbà ni pé kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 1910, Agnes, àbúrò Baden-Powell obìnrin, di olórí Girl Guides. Obìnrin yìí ń sin oyin, ó sì ń fi bàlúùnù fò lójú ọ̀run. Ní 1912, Juliette Gordon Low kó ọmọbìnrin 18 jọ ní Savannah, ohun tó padà di Girl Scouts ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtọ́jú ilé àti ìtọ́jú aláìsàn wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn, ṣùgbọ́n báàjì iṣẹ́ iná mànàmáná náà wà níbẹ̀, ní àkókò tí obìnrin Amẹ́ríkà kò tíì lè dìbò yan ààrẹ káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Mo fẹ́ràn ìtàn Crystal Palace yìí ju gbogbo ìtàn tó kù lọ. Àwọn ọmọ yẹn ti ka ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọkùnrin, wọ́n sì rí ara wọn nínú rẹ̀.

Papọ̀ ni, àbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Èwo ló dára?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọbìnrin sáàárín àwọn tó dàgbà jù ní 1976, ó fàyè gbà á fún gbogbo ọjọ́ orí ní 1991, ó sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹgbẹ́ ní 2007. Amẹ́ríkà gba ọmọbìnrin kéékèèké ní 2018 àti àwọn tó dàgbà díẹ̀ ní 2019. Ní oṣù Fẹ́búárì 2025 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Scouting America. Girl Guides àti Girl Scouts ṣì wà fún ọmọbìnrin nìkan lọ́pọ̀ ibi.

Mo ti rí àǹfààní méjèèjì. Níbi tí ọmọbìnrin nìkan wà, kò sí ọmọkùnrin kankan tó máa gba àáké lọ́wọ́ rẹ̀ pé “jẹ́ kí n bá ọ ṣe é”. Níbi tí wọ́n ti wà papọ̀, ọmọkùnrin á gba àṣẹ lẹ́nu ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ọ̀wọ́ rẹ̀, á sì rí i pé ayé ò bàjẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín ibi tí ara rẹ̀ máa balẹ̀ sí.

Ṣé ẹgbẹ́ lè máa kọ́ ọmọ ní irú ọkùnrin tàbí obìnrin tó yẹ kó jẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ni. Ní 2011, Kathleen Denny, onímọ̀ nípa àwùjọ, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn ọmọkùnrin àti ti àwọn ọmọbìnrin Síkáòtù ilẹ̀ Amẹ́ríkà síwájú, ó ń fi wọ́n wé ara wọn. Iṣẹ́ ọnà pọ̀ nínú ti ọmọbìnrin, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì pọ̀ nínú ti ọmọkùnrin. Iṣẹ́ tí ọmọbìnrin ń ṣe sábà jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn, ọmọkùnrin sì ń dá nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ó rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kì í retí: ìwé ọmọbìnrin ló ń ní kí ọmọ ronú, kí ó wá èrò tirẹ̀, ìwé ọmọkùnrin ń darí ọmọ sí ojú ewé tí ìdáhùn wà. Ọ̀nà méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ.

Ní ibùdó, kò nílò ìwé. Ta ló ń sè, ta ló ń gé igi? Tí ọmọkùnrin bá sunkún nítorí ilé lóru àkọ́kọ́, kí ni wọ́n sọ fún un? Mo ti gbọ́ àgbà tó sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé “ọkùnrin kì í sunkún”, ọmọ náà sì gbé omijé mì. Mo bá àgbà náà sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú sì bí mi débi pé ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ tó kọ́ láti gbé omijé mì lọ́mọ ọdún 9 ni kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tó bá pé ọmọ ogún ọdún tí nǹkan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ akọ àti abo ti pàdé ọ̀rọ̀ ìlera nìyẹn, kò sì sí ohun tí báàjì lè ṣe sí i.

Nínú ọ̀wọ́ tí mo ń bójú tó, iṣẹ́ ń yí kiri. Gbogbo ọmọ ló ń sè, gbogbo ọmọ ló ń gé igi, gbogbo ọmọ ló ń fọ ìkòkò. N kì í wàásù lé e lórí.

Ọmọ tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀, tàbí òdìkejì rẹ̀, ṣé ó láyè níbẹ̀?

Ibi tí ẹ wà ló máa sọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ọmọkùnrin ìgbà náà kò gba ọmọ tó bá sọ pé ọkàn òun ń fà sí ọkùnrin bíi tòun títí di 2014, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gba àgbà irú bẹ́ẹ̀ títí di 2015. Ní oṣù Jánúárì 2017, wọ́n kéde pé ohun tí wọ́n bá kọ sínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ làwọn máa tẹ̀ lé dípò ìwé ìbí. Láwọn ilẹ̀ mìíràn òfin ìjọba kò fàyè gbà á rárá, níbòmíràn àríyànjiyàn ṣì ń lọ.

Èmi ò rò pé Síkáòtù ló ń sọ ọmọ di ohun tó mọ ara rẹ̀ sí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni bóyá ọmọ náà máa dá wà. Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í sùn, kì í jẹun, kì í sì í fẹ́ padà wá. Mo ti ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ìbéèrè méjì, wọ́n gba ìdáhùn, wọ́n sì bi í bóyá ó mọ bí a ṣe ń pàgọ́. Àgbà ló ń jà. Àwọn ọmọ ti ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ṣé kì í ṣe ológun ni wọ́n ń kọ́ wọn?

Ọ̀gágun ló dá a sílẹ̀, aṣọ àti ìtò náà sì jọ tológun. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ibi tí títò sórí ìlà àti kíkígbe mọ́ ọmọ ti gba gbogbo ọjọ́, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọmọ mi kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi?

Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Àwọn àgbà kan ti lo ẹgbẹ́ yìí láti ba àwọn ọmọdé jẹ́, àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀ sì pa á mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2020, Boy Scouts ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ sí kóòtù pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́ nítorí ẹjọ́ ìbálòpọ̀ tipátipá tí wọ́n pè mọ́ wọn. Àwọn tó lé ní 82,000 ló jáde wá sọ pé wọ́n ṣe àwọn níbi nígbà èwe. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n fẹnu kò lé lórí jẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 2.46. Gbogbo ohun rere tí mo ti sọ lókè yìí kò fi ohunkóhun san án padà fún ọmọ kan ṣoṣo nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe tijú. Ẹ béèrè bóyá àgbà méjì ló ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Àgbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ẹlòmíràn ò tó, kò gbọ́dọ̀ sùn nínú àgọ́ ọmọ, kò gbọ́dọ̀ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣèwádìí nípa olùdarí kí wọ́n tó gbà á. Ẹ béèrè ẹni tí ọmọ lè lọ bá tó bá jẹ́ pé olùdarí gan-an ló ń dà á láàmú. Ẹ wo ojú ẹni tí ẹ ń bi. Olùdarí rere á ti múra ìdáhùn sílẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn pé ẹ béèrè. Ẹni tó bá bínú, ẹ má fi ọmọ yín sílẹ̀ fún un.

Ìfọkàntán tí à ń fún ọmọ kò sí fún àgbà níbẹ̀. Ọmọ ni a ń fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ tí a sì ń wò láti òkèèrè. Àgbà, òfin ni a fi ń ṣọ́ ọ.

Ọmọ mi ní òun kò lọ mọ́.

Ẹ bi í ìdí rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ dópin. Tó bá jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ tàbí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kúrò, ẹ ní kó gbìyànjú ìpàdé bíi mẹ́ta sí i. Tó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ dárúkọ ẹnì kan, ẹ má mú un padà síbẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣe é lóore?

Bó bá ti ìpàdé dé, ẹ má bi í bóyá ó gbádùn rẹ̀; “bẹ́ẹ̀ ni” ló máa sọ, á sì wọ yàrá lọ. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ lónìí, àti ta ló gbọ́kàn lé e láti ṣe é. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò rí nǹkan kan sọ, ẹ pe olùdarí.